Mo Ní Ààwẹ̀ Ló Ń Ṣe Rájí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ mi kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé yóò bá mi wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbàlagbà kan wá bi mí ní ìbéèrè nílé mi ní Trikania, mo sì tún purọ́ fún un. Irọ́ tuntun yìí lè pa ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Igbákejì kóòṣì ni mí nígbà náà, nínú ẹgbẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tá a máa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, níbí ní Kàdúná. Iṣẹ́ wa ni, kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀. Àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré dára. Àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni ìyọnu wa. Bó bá ti rẹ àwọn márùn-ún yẹn, tá a fi àwọn ará bẹ́ǹṣì rọ́pò wọn, ńṣe ni àwọn tá à ń bá díje á máa ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wa bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ.

Ẹgbẹ́ kan láti ìlú mìíràn wá ní àwọn yóò fún wa ní ọkùnrin gíga kan, kí àwa náà fi ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì wa ṣe pàṣípààrọ̀. Orúkọ méjì ni wọ́n dá: Rájí tàbí Kúnlé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi jiyàn. Máníjà ní Kúnlé ni kó lọ, torí pé ó ń lọ́ra. Kóòṣì kò tíì mọ èwo ni yóò mú. Èmi ní Rájí ni. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ, mo tilẹ̀ ń ya àwòrán sórí pátákó, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló ká mi lára.

Irọ́ ni. Àbúrò ìyàwó mi ni Kúnlé, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé. Wọ́n mọ ìyẹn, máníjà tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àna mi ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìyá ìyàwó mi ti sọ fún mi ní Kàbbà pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún òun nìyẹn, pé bó bá kúrò lójú mi tí nǹkan ṣe é, kí n má wá sílé òun mọ́. Ẹ ò rí i pé ti ẹni ni ti ẹni.

Rájí náà ní ìyá tirẹ̀. Tudun Wada ni wọ́n bí i sí, Mùsùlùmí ni, ẹni jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ Hausa jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ ti àṣírí, Yorùbá ló fi ń bá mi sọ ọ́, torí àwa méjèèjì àti Kúnlé nìkan la gbọ́ ọ nínú ẹgbẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan, níbi ìgbáradì, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó di àyà rẹ̀ mú. Kúnlé wà lórí pápá.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àyà mi ń ṣe mí bákan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí. Á máa lù kìkìkì, ojú mi á wá ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún kóòṣì. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, wọ́n á ní torí pé mi ò fẹ́ lọ ni."

Ó dìde lọ bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi. Kóòṣì ti rí wa láti ọ̀ọ́kán. Ó fi Hausa béèrè ohun tí Rájí sọ. "Me ya ce?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò gba aláìsàn, Kúnlé ni yóò lọ. Rájí sì máa ń gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé.

Mo ní, "Azumi ne." Ààwẹ̀ ni.

"To, Allah ya karɓa," ni kóòṣì wí, pé kí Ọlọ́run gbà á. Ó fọn fèrè rẹ̀, wọ́n ń bá eré lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Rájí bi mí bóyá mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ní mo ti jẹ́ ẹ, pé kóòṣì ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, pé bó bá dé ọ̀hún, ara yóò tù ú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kóòṣì gbọ́ tèmi, Rájí ló lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹ́ kó kú. Mo rò pé àwọn ará ọ̀hún yóò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àwọn náà rò pé àwa ti ṣe é.

Eré kẹrin tó gbá fún wọn ló ṣubú. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Èmi àti Kúnlé la lọ gbé òkú rẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọdún Iléyá ni ìyá náà ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi, torí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rere fún ọmọ òun. Ìyàwó mi á sè é. Èmi náà á jẹ ẹ́.

Òun ló wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sìkírá, àbúrò Rájí, olùkọ́ ni. Ó dákú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Dókítà wá ń béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti kú lójijì rí, àti bóyá onítọ̀hún ti ráhùn nípa àyà rẹ̀ kó tó kú.

"Bàbá Dúpẹ́," ni ìyá náà wí, "ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ǹjẹ́ ó sọ nǹkan kan fún yín?"

Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀. Kúnlé náà jókòó, ó gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Rárá, Ìyá. Kò sọ nǹkan kan."

Ó ní alhamdulillahi, pé àárẹ̀ lásán ló ń ṣe Sìkírá nígbà náà, pé òun yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà lọ bá dókítà náà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n lọ jẹ́wọ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹnì kan kì í dá irú ẹ̀bẹ̀ yìí lọ bẹ̀, àgbà là ń mú dání. Ṣùgbọ́n àgbà tí mo bá pè, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un, Ọjọ́rú kò sì ní dúró dè mí. Èmi nìkan ni yóò lọ. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi rò ni ọ̀rọ̀ tí yóò ṣáájú. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n tọ́jú àyà Sìkírá, ìyá náà yóò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe fún Rájí, ẹkún lè má jẹ́ kó gbọ́ ti Sìkírá. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?