Okùn Dúdú Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Ọkùnrin kan ni mí tí ó ń gbé Kútọnu, mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, mo sì ka ìwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn fadá. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ nípa ara mi nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ti wá ju ẹ̀rù náà lọ, ara mi ni mo sì ń bínú sí jù.

Ọdún méje ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n. Fadá tí mo ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún kò gbọ́ ọ rí. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ìwé kan wà lórí tábìlì mi, lẹ́tà tí ẹnì kan ní kí n bá òun kọ. Ní ìparí oṣù yìí ni yóò wá gbà á. Ẹni náà ni mo ṣẹ̀.

Ní ìgbà náà, akọ̀wé ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté. Tí a bá ti ṣíwọ́, mo máa ń tún gíramafóònù àti rédíò ṣe nínú ilé. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ègé àwọn rédíò tó ti bàjẹ́ to ẹ̀rọ kan tó ń sọ ohùn ènìyàn di ńlá. Àkànbí, àbúrò ìyàwó mi, ló bá mi kan àpótí gbohùngbohùn rẹ̀. Káfíńtà ni, ọkùnrin tó ti ní aya àti ọmọ méjì. Wọn a pè wá síbi ìgbéyàwó, wọn a pè wá síbi òkú, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni a jọ ń lọ.

Ohun tí a kò ní ni okùn. Okùn tó ń gbé ohùn láti ẹnu míkírò, irin tí a ń sọ̀rọ̀ sí, lọ sínú ẹ̀rọ ni mo ń wí, àti èyí tó ń gbé e láti inú ẹ̀rọ lọ sínú àpótí. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ahun sì ni mí. Mo ní èmi yóò fi ọwọ́ ara mi ṣe tèmi.

Mo ṣa wáyà àlòkù jọ. Mo nà án láàárín igi àgbọn méjì títí ó fi gún. Mo lọ́ ọ ní méjì-méjì, mo fi òwú tí mo rẹ sínú ìda àbẹ́là wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà fara kan ara. Lẹ́yìn náà ni mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi wé e lódindi. Irin tí mo fi sínú èédú ni mo fi yọ́ òjé sí ibi tí wáyà ti pàdé. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó, wọ́n ń sọ pé mo mọṣẹ́.

Okùn tó ń mú iná láti ara ògiri wá sínú ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ fi rọ́bà wé. Nígbà tó kan okùn míkírò, rọ́bà tán. Mi ò wá òmíràn. Mo fa ògbólógbòó ìró ìyàwó mi kan ya, aṣọ aláró tí wọ́n rẹ, tí wọ́n tún rẹ, títí ó fi ṣú, mo fi wé e.

Ìyàwó mi rí i, ó ní, "Ẹ ti fi ìró mi ṣe okùn. Ọjọ́ wo ni ẹ máa fi gèlè mi ṣe rédíò?" A jọ rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn kò tíì burú. Èyí tó burú nìyí. Mo rí pirísì rà lọ́pọ̀ lọ́wọ́ atukọ̀ kan, ìyẹn orí onírin méjì tí a ń tì bọ ihò iná lára ògiri. Irú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Mo fi sí ẹnu okùn iná. Mo tún fi sí ẹnu okùn míkírò, mo sì ṣe ihò tó bá a mu sára ẹ̀rọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni okùn tí kò yẹ kó gbé ju ohùn lọ ṣe lè wọ ara ògiri, tí ògiri kò sì ní kọ̀ ọ́.

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbèjà mi pé mi ò mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi tí mo ṣe é, mo mú okùn míkírò, ó ku bí ìka kan kí n tì í bọ ara ògiri. Mo fà á padà. Kò sí ẹni tó rí mi. Mi ò yí orí rẹ̀ padà, mi ò so nǹkan kan mọ́ ọn, mi ò sì sọ fún Àkànbí. Mo ní ẹni tó bá lajú yóò mọ èyí tó jẹ́ èyí.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí, Bàbá Fílípù ń fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ. Àgùdà ni wọ́n, agboolé wọn wà ní Akpakpa, ènìyàn iyì ni bàbá náà. Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀, gbogbo àgbàlá tutù. Mo wà lórí àkàbà, mo ń so àpótí kan mọ́ igi máńgòrò. Àkànbí wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn okùn.

Bàbá Fílípù ti bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bàtà tuntun yìí ti jẹ ẹsẹ̀ mi ju bí ọkọ ọmọ mi ti jẹ ìrẹsì mi lọ." Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí lókè, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀rọ yín yìí ńkọ́? Àbí ó ń dúró de bíṣọ́ọ̀bù ni?"

Ojú tì mí. Mo kígbe, "Àkànbí! Ti okùn dúdú bọ ara ògiri!"

Ó ní, "Dúdú, ẹ̀gbọ́n?"

"Dúdú ni mo wí! Ṣé inú àpótí ni o gbàgbé etí rẹ sí ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi Àkànbí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn tó wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí mo fi ìró aláró wé ni. Òjò ti rin ín, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó tì í bọ ara ògiri, bí mo ti wí.

Bàbá Fílípù gbé míkírò tó wà lẹ́nu kejì okùn náà, irin ni gbogbo ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fò sílẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n fi já míkírò gbà. Iná náà gbé mi, ó sọ mí mọ́ ìdí igi. Àkànbí ló fi igi fa okùn yọ lára ògiri. Èmi dìde. Bàbá Fílípù kò dìde mọ́. Ìka méjì ni ó kú lọ́wọ́ ọ̀tún mi títí di òní.

Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá òyìnbó kan tó ń dá ẹjọ́. Wọ́n tẹ́ okùn méjèèjì sórí tábìlì. Ògbufọ̀ kan jókòó, ọmọ Nàgó bíi tiwa. Òyìnbó náà ní kí ó bi mí ohun tí mo sọ fún Àkànbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí. Mo gbọ́ Faransé. Nàgó ni mo fi dáhùn, nítorí mo fẹ́ ráyè ronú. Mo ní, "Mo ní kó ti okùn dúdú bọ ara ògiri."

Ògbufọ̀ ní, "Noir."

Òyìnbó náà gbé okùn rọ́bà sókè, ó ní, "Noir." Ó gbé okùn aláró sókè. Ó ti gbẹ nígbà náà. Ó ní, "Bleu," orúkọ tí wọ́n ń pe àwọ̀ aró.

Wọ́n wá kọjú sí Àkànbí, tí kò gbọ́ Faransé kankan. Ògbufọ̀ bi í, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o mú dúdú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o kò mú dúdú?"

Àkànbí na ìka sí okùn aláró, ó ní, "Dúdú ni mo mú, ọ̀gá. Òun nìyí."

Ògbufọ̀ tún un sọ ní Faransé pé ọkùnrin yìí ní noir ni èyí. Òyìnbó náà lu tábìlì. Ó ní òpùrọ́ ni, ó ń wo bleu lójúkojú, ó ń pè é ní noir. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Inú ń bí mi sí òyìnbó náà tó rò pé bí ẹnu òun ti pín àwọ̀ ni Ọlọ́run ṣe pín in. Inú ń bí mi sí ògbufọ̀ jù ú lọ, nítorí ìyá tó bí i, dúdú ló ń pe aró bíi ti gbogbo wa. Ó mọ̀, ẹ̀rù òyìnbó ló dí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ni mo ń sọ? Mo jókòó níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni: "Ọ̀gá, lẹ́nu tiwa, bleu àti noir, dúdú ni àwọn méjèèjì." Mo mọ̀ ọ́n sọ ní Faransé. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yóò kúrò lórí Àkànbí, yóò kan ẹni tó fi irú orí kan náà sí ẹnu okùn méjèèjì. Mo gbé ọwọ́ mi tí wọ́n fi aṣọ dì lé orí itan, mo dákẹ́.

Wọ́n fún Àkànbí ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Aya rẹ̀ kó àwọn ọmọ padà sí Kétu, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìyàwó mi kò lọ wo àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò lè gbọ́ ọ." Èmi sì ń jẹun, mo ń gbọ́ ọ. Ní ọdọọdún, tí wọ́n bá ṣe Mísà fún Bàbá Fílípù, opó rẹ̀, Ìyá Rósà, a gbé ìrẹsì àti ẹran ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ti ọwọ́ tí mo fi fẹ́ gba ọkọ òun là ni. Mo jẹ ẹ́. Ọdún méje ni mo fi jẹ ẹ́!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àkànbí wọlé wá. Godomey ló ń gbé báyìí, ó ń kan àga. Ó ti hu ewú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí Ìyá Rósà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé ojú mi ló ṣẹ̀."

Mo ní, "Ojú rẹ báwo?"

"Mo rò pé dúdú ni mo mú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ní kì í ṣe dúdú. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan, mo wá mọ̀ pé òótọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Báyìí, tí mo bá fẹ́ kun àga, mo máa ń pe aládùúgbò mi kó wá bá mi wo àwọ̀ rẹ̀ ná."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọkùnrin tó lajú, mo ti sọ ojú rẹ̀ di ohun tí kò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Mo sì dá a lóhùn pé, "Ó dára, màá kọ ọ́."

Bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n lè wá mú mi. Iṣẹ́ mi lè bọ́. Ìyàwó mi kò ní lè wo ojú mi mọ́, Ìyá Rósà yóò sì mọ irú ẹni tí òun ti ń gbé oúnjẹ fún. Bí mi ò bá sọ ọ́, èmi ni n ó fi ọwọ́ ara mi kọ ẹ̀bẹ̀ aláìṣẹ̀. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Mo ti kọ ìlà àkọ́kọ́: "Ìyá Rósà, ẹ dárí jì mí." Títí dé ibẹ̀, èmi lè ni ín, Àkànbí sì lè ni ín. Mo ti ń wo ìlà náà láti òwúrọ̀. Dúdú ni tàdáwà tí mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé bleu ni òyìnbó ń pè é. Orúkọ ta ni kí n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀?