“Late” ni Ọ̀gá Pè É

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Háló? Màámi, ẹ kú ọ̀sán o. Màámi?

ÀBÚRÒ: ...Ta nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni jàre. Ṣé o gbọ́ mi? Gbé fóònù fún wọn kíá, ó ti fẹ́ kú—

ÀBÚRÒ: Kí ló fẹ́ kú?

Ẹ̀GBỌ́N: Bátìrì mi! Ta ló ń sunkún níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: [kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́] Bùọ̀dá... níbo lẹ wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Abẹ́ afárá. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ dẹnu kọlẹ̀, mo wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Afẹ́fẹ́ wo ló ń pariwo báyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní abẹ́ afárá! Ta ló ń sunkún?

ÀBÚRÒ: Ẹkún yín ni Màámi ń sun. Ọ̀gá yín níléeṣẹ́ búrẹ́dì ló pè wọ́n. Ó ní ẹ ti late.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni, mo late—

ÀBÚRÒ: Yéè! Ẹ tún fẹnu ara yín sọ ọ́!

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná! Mo pẹ́ ni! Mi ò tètè dé ibi iṣẹ́! Kí gan-an ni ọ̀gá sọ?

ÀBÚRÒ: “Your son is late again.”

Ẹ̀GBỌ́N: Again! Ṣé èèyàn máa ń kú lẹ́ẹ̀mejì ni?

ÀBÚRÒ: Èmi náà bi Màámi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àkúdàáyà máa ń kú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ yìí—

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Kí ni mo fi áyọ́ọ̀nù jó?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣòkòtò mi tuntun, ọ̀dájú!

ÀBÚRÒ: [ó bú sẹ́rìn-ín] Màámi, àwọn ni o! Wọ́n ṣì ń bínú ṣòkòtò!

MÀÁMI: [lókèèrè] Òkú náà máa ń bínú.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé fóònù fún wọn!

MÀÁMI: Ọmọ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, mo wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn, ìtumọ̀ méjì ló ní—

MÀÁMI: Mi ò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ ẹyọ kan yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n kọ ṣáájú orúkọ bàbá yín lórí sàréè. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń bọ̀ nílé báyìí, ẹ ó fojú ara yín rí mi—

MÀÁMI: Má wá o. Àyà àbúrò rẹ ò lè gbà á. Ohùn rẹ gan-an ti jìnnà.

Ẹ̀GBỌ́N: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀÁMI: Má jọ̀kùn. Má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kí o bá wọn jẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi! Ṣé ẹ gbọ́—

MÀÁMI: Bá mi kí bàbá rẹ.

[Ìpè já.]