Oorun Sànúsí Awakọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kì í sùn, tí kì í tòògbé, tó dá oorun fún àwa ẹrú Rẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé a ò lágbára. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e dáadáa. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹnu gbogbo wa ló gbẹ. Ọ̀fun tèmi náà ti ń ha, nítorí náà mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju èyí lọ: àmánà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ. Ọlọ́hun ló fi í sí ọ lọ́wọ́. Ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Tí o bá fi ìyà jẹ ẹ́, tí o wá fẹ́ ronú pìwà dà, kí o ṣe túúbá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wò ọ́. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ ò dáhùn. Ó rẹ̀ yín. Ó dáa, ẹ jẹ́ n fi ìtàn sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà n'Ílọrin, Alaaji Sàláwù. Tírélà ló fi ń ṣòwò. Ó ń kó ẹrù l'Ékòó lọ sí Kánò, ó ń kó ẹrù ní Kánò bọ̀ l'Ékòó. Ara gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: KÓ O TÓ ṢẸ́JÚ, ẸRÙ TI DÉ. Làwọn èèyàn bá ń pè é ní Alaaji Má-ṣẹ́jú, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Kò ro ti àwọn awakọ̀ rẹ̀, àwọn tí kò ráyè ṣẹ́jú lóòótọ́.

Òfin wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjọba sọ iye wákàtí tí awakọ̀ lè lò nídìí ọkọ̀ kó tó dúró sinmi. Alaaji mọ òfin náà. Ṣùgbọ́n tí awakọ̀ bá pè é lórí fóònù pé, "Alaaji, oorun ń kùn mí o," á ní, "Jẹ obì. Àbí obì ti tán lójà ni?" Tí awakọ̀ bá ní òun fẹ́ dúró kírun, á ní, "Ṣebí arìnrìn-àjò ni ọ́. Ọlọ́hun ti gbà ọ́ láàyè láti pa ìrun pọ̀. Pa á pọ̀, kó o máa bọ̀." Ẹ wo èèyàn! Àánú tí Ọlọ́hun ṣe fún arìnrìn-àjò, kí ara lè tù ú, òun ló sọ di pàṣán. Ó mọ ẹ̀sìn débi tó fi lè fi ẹ̀sìn pọ́n ọmọ ẹlẹ́sìn lójú. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí o.

Ohun tí a ń retí ló ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Rábíù sùn lọ lórí sítíárìn. Tírélà fi títì sílẹ̀, ó wọgbó, ó dojú dé. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí Rábíù sí, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ìjọba ṣèwádìí, wọ́n rí i pé kì í ṣe Rábíù nìkan, gbogbo awakọ̀ Alaaji ni kì í sùn. Wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa jẹ́ kó padà sójú ọ̀nà, àwọn oníbàárà ti bá ẹlòmíràn lọ. Koríko ń hù lábẹ́ táyà. Ẹni tí kì í ráyè gbé fóònù tẹ́lẹ̀ wá jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí ẹ kórìíra rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé. Tó bá dúró kírun ní sàfù láàárín àwọn èèyàn, ó máa ń ṣe é bíi pé ẹ̀yìn òun ni gbogbo èèyàn ń wò. Ó fẹ́ kí orúkọ òun padà, kó lè sinmi. Ó wá kun ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, ó pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, ó kọ Ọ̀NÀ SÙÚRÙ sí i. Ó kọ́ ilé ìsinmi kan sójú ọ̀nà Jẹ́bà: yàrá tó mọ́, fáànù, fóòmù tuntun, ibi àlùwàlá. Ó ní ibẹ̀ làwọn awakọ̀ òun yóò máa yà sùn. Àwọn ààfáà lọ ṣàdúà sí i, wọ́n jẹun, wọ́n yó, wọ́n lọ sílé. Ẹ kúkú mọ̀ wá.

Ilé dé, oorun ò dé. Àwọn oníbàárà díẹ̀ tó kù, ìkánjú ló wà lára wọn, Alaaji ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ. Obìnrin kan tó fi sídìí ilé náà, Ìyá Mùínátù, bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Alaaji, ṣé kí n bọ́ ọ̀rá kúrò lára àwọn fóòmù yìí, kí àwọn awakọ̀ lè rí nǹkan sùn lé?"

"Fi ọ̀rá sílẹ̀ ná. Àlejò ń bọ̀ wá wo ilé. Ara awakọ̀, epo ọkọ̀ ni ṣáá."

"Ta wá la kọ́ ọ fún, Alaaji?"

"Ẹnu rẹ ti pọ̀ jù, obìnrin yìí."

Ó pe àwọn awakọ̀ jọ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba orúkọ wa padà. Tí orúkọ bá ti padà, gbogbo wa ni a ó máa sùn." Sànúsí ló dá a lóhùn, òun ni àgbà wọn, ó ti wà pẹ̀lú Alaaji láti ìgbà tó jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ó ní, "Kò burú, Alaaji."

Kò burú! Ẹni tó bá ṣì lókun láti jà kì í sọ pé kò burú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń mirí sí Alaaji, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó wà nílé yín, tó jí ṣáájú yín lónìí láti dá iná sààrì, ṣé ẹ bi í bó sùn? Ẹ ti dákẹ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun kan l'Ékòó wá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbé ẹrù àwọn fún Alaaji, bí àwọn bá rí i pé ó ti yí padà. Ọ̀gá wọn, Màdáámù Fẹ́hìntọlá, ní òun fúnra òun ń bọ̀ wá fojú rí i. Alaaji mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tí obìnrin yìí bá gbà, gbogbo tírélà rẹ̀ ni yóò padà sójú ọ̀nà. Tí kò bá gbà, àfi kó tà wọ́n, kó ní kí àwọn awakọ̀ máa lọ.

Láti ìdájí ọjọ́ náà ló ti wà ní ilé ìsinmi. Ó wo yàrá, ó dára. Ṣùgbọ́n ilé ìsinmi tí kò sí ẹni tó ń sinmi níbẹ̀ ńkọ́? Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni tírélà Sànúsí yà wọlé láti Kánò. Sànúsí sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n koko. Alaaji wo irùngbọ̀n funfun rẹ̀.

"Sànúsí, ìwọ gan-an ló yẹ. Lọ wẹ̀, kó o wá dùbúlẹ̀ síbí. Ṣáà di ojú. Tí àlejò bá wọlé, wàá là á, wàá kí wọn, wàá ní o ti sùn dáadáa."

"Alaaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jókòó. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀..."

"Dùbúlẹ̀ jàre."

Ó dùbúlẹ̀. Àlejò dé, Alaaji mú wọn yípo, ó ń sọ̀rọ̀ bí oyin. Nígbà tí wọ́n dé yàrá Sànúsí, ó ń hanrun. Màdáámù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ga o. Ẹ jẹ́ kó sùn." Lẹ́yìn náà ló ní, "Àmọ́ mo fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ kan péré."

Alaaji fọwọ́ kàn án. "Sànúsí." Kò gbọ́. Ó mì í. Ó mì í tagbáratagbára, ọ̀rá ń pariwo lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin náà ò lajú. Ìyá Mùínátù bu omi wá, ó fi pa á lójú. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ Sànúsí méjèèjì gbéra sókè, ó di afẹ́fẹ́ mú bí ẹni di sítíárìn mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń tẹ fóòmù, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó sì sọ̀rọ̀ láti inú oorun, ohùn rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

"Alaaji, mo ti kọjá Mọ́kwá. Mi ò dúró. Ẹ má bínú, mi ò dúró rárá."

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ṣebí a máa ń sọ ọ́ pé lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni yóò jẹ́rìí, ẹnu ò ní rí nǹkan sọ? Alaaji ò tíì kú tí ẹ̀rí fi bẹ̀rẹ̀.

Màdáámù kọjú sí i. "Alaaji, ìgbà wo ni bàbá yìí sùn kẹ́yìn?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ ní ibà ló ń ṣe é. Kí lẹ̀yin ì bá sọ, tó bá jẹ́ yín, tí gbogbo ohun tí ẹ ní wà lórí ọ̀rọ̀ kan? Ṣùgbọ́n ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún Sànúsí tó ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, ó rántí Rábíù. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Èmi ni mo ní kó má sùn. Kò tíì sí awakọ̀ kankan tó sùn nílé yìí. Ẹ̀yin ni mo kọ́ ọ fún."

Màdáámù wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́." Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Ẹ ń retí kí n sọ pé ó padà wá, àbí? Kò padà.

Alaaji gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sànúsí, ó ń fi ẹ̀wù lé eṣinṣin fún un. Ìrun Àìlà tó, ẹnìkan ní kí wọ́n jí i. Alaaji ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. A kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tó ń sùn lọ́rùn. Yóò kí i tó bá jí." Ọkùnrin tó ti ń fi ẹ̀sìn lé èèyàn kiri ló wá rí ibi tó rọ̀ níbẹ̀.

Sànúsí jí nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Ó rí Alaaji, ó fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alaaji, ẹ foríjì mí. Oorun ló jí mi gbé. Mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́."

Ẹni tí wọ́n jẹ níyà ló ń tọrọ àforíjì! Alaaji fi ẹ̀wù bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ó kúnlẹ̀. "Sànúsí, èmi ni kí o foríjì. Jọ̀ọ́, padà lọ sùn. Látòní lọ, ẹni tí kò bá sùn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ mi."

Sànúsí wò ó. Ó wo ẹnu ọ̀nà, bóyá àlejò míràn ń bọ̀. Ó wá rọra béèrè pé, "Alaaji, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹrù wo ni mo fẹ́ gbé?"

"Kò sí ẹrù. Ṣáà sùn."

"Kò burú, Alaaji." Ó kírun, ó padà sórí fóòmù, ó sùn. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà rẹ̀ padà kó tó dùbúlẹ̀.

Alaaji ta àwọn tírélà kan, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù, ó ń san oṣù fún Rábíù, ó ń lọ wò ó lóòrèkóòrè, ó sì pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, nígbàkígbà tó bá wọ ilé ìsinmi náà, tó rí Sànúsí lórí fóòmù, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alaaji kì í bínú. Á jókòó díẹ̀, á dìde, á lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, aráyé lè gbà ọ́ gbọ́ kíá, ọ̀dà tuntun ti tó wọn. Ẹni tí o fi ìyà jẹ ni kì í tètè gbà ọ́ gbọ́, òun náà sì ni Ọlọ́hun yóò bi léèrè nípa rẹ. Fara da ìyẹn. Máa ṣe rere, kó má gbà ọ́ gbọ́, kó o tún máa ṣe rere. Ibẹ̀ ni túúbá wà, kò rọrùn, èmi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí àárẹ̀ kì í mú, ó ti rẹ àwa. Fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Má jẹ́ ká di ẹrù ìnira lórí ẹni tí O fi sábẹ́ wa. Ẹni tí a ti ni lára, fún wa ní ẹ̀mí gígùn tí a ó fi tù ú nínú, kí ó tó di pé òun àti àwa jọ dúró níwájú Rẹ. Àmín. Ẹ dìde, ẹ lọ ṣe àlùwàlá.