Ẹja Odò Méjì Nínú Ìgò Kan

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ti Sekona bọ̀ wá sí Ẹdẹ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin kan tó gbé ìgò ẹja wẹ́wẹ́ lé itan.

“Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ẹja tí kò tó ìka ṣe?”

“Mo kàn ń sìn wọ́n wò ni, mà. Odò kan ní ìlú Ara ni mo ti mú ìyá wọn, mo mú bàbá wọn nínú odò mìíràn ní Sekona. Wọ́n jọra gan-an, mo bá kó wọn pọ̀. Àfi bí wọ́n ṣe bímọ!”

“Ta làwọn ọmọ wá jọ?”

“Wọn ò jọ ìyá, wọn ò jọ bàbá. Ìrù wọn pupa ju ti àwọn méjèèjì lọ. Mo fẹ́ lọ dà wọ́n sódò kí wọ́n lè máa pọ̀ sí i.”

“Odò ta ni? Ti ìyá ni àbí ti bàbá?”

Ọmọbìnrin náà tẹjú mọ́ ìgò náà. Èmi náà ń rò ó.

“Tí wọ́n bá bá àwọn tó wà níbẹ̀ bímọ pọ̀,” ni ìyá náà wí, “ṣé a ṣì máa rí irú ìyá wọn mọ́?”

“Mi ò rò ó débẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ n gbé wọn padà sílé.”

“Ó dáa. Níbo nilé rẹ wà? Mo fẹ́ máa wá wò ó bóyá àwọn náà á bímọ.”