Ibi Tó Ń Yún Kọ́ Là Ń Gún

Díẹ̀ ló kù kí ìyá kan gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lójú egbò tó ń yún un ní ìgbọ̀nwọ́. Nínú takisí láti Mápó ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ àná, bó ṣe ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kan tó jókòó tì í.

"Abẹ́rẹ́ ara yíyún àti ikọ́ fée ni. Wọ́n kọ́ mi ní ọsibítù pé kí n máa gún un nílé, ní itan, mo ní ibi tó ń yún ló máa ti tètè ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin Ìyá yìí! Ṣé gbẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ sín ni?"

"Ọmọ ló figbe ta, ni mo bá jáwọ́."

"Ẹkún yẹn ló gbà yín. Itan náà ni, níbi tí awọ ti jọ̀lọ̀. Oògùn á rìn dé ìgbọ̀nwọ́ fúnra rẹ̀."

"Alihamudulilai!"

Nọ́ọ̀sì ní kó gbé abẹ́rẹ́ náà àti ọmọ wá bá òun ní ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Ìṣojú òun ni ìyá yóò ti gún un.