Ìṣẹ́kù Inú Ìgò

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀wọ̀n yìí, mo máa ń fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ mi, n óò sì máa ka bí ó ṣe ń lù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo kọ́ kò tíì fi mí sílẹ̀. Tèmi ń lù dáadáa. Ti Múlíkà ọ̀rẹ́ mi kò lù mọ́, èmi ni mo sì pa á.

Ìlú Ara ni ìyá mi ti ń yan gàrí. Nílé wa, a kì í da ohunkóhun nù. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà fún ewúrẹ́. Gàrí tó bá jóná nínú agbada, àwa ọmọ la ni ín. Ìyá mi á ní, "Ẹni tó bá ń da ìṣẹ́kù nù, ebi ò tíì pa á rí ni." Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹdẹ, gbogbo agboolé ti ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́. Inú mi dùn sí i púpọ̀.

Ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ṣẹ́, òfin kan wà fún abẹ́rẹ́ ìrora tó le: ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wo ìgò rẹ̀. Bí aláìsàn ò bá lo gbogbo rẹ̀, ẹni méjì náà ni yóò rí i pé a da ìṣẹ́kù nù, wọn yóò sì buwọ́ lùwé. Èmi àti Múlíkà, tí a jọ ń gbé yàrá, la sábà máa ń ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì, Múlíkà sì sáré lọ bá a.

"Bá mi dà á nù," ó wí. "Mo ti buwọ́ lù ú."

Mo wo ìṣẹ́kù yẹn. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi wá sí mi lọ́kàn. Mo gún un fún ara mi nínú ilé ìwẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Ìrora lọ, ìbẹ̀rù ìdánwò náà lọ, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, ìṣẹ́kù kò tó mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ sílẹ̀ lára ti àwọn aláìsàn. Bàbá àgbà kan láti Awo ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ìdajì ni mo gún fún wọn, mo sì kọ odidi sínú ìwé.

"Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ yìí ò ràn mí o."

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Ó máa tó ṣiṣẹ́."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Múlíkà ń gbálẹ̀, ó bá àwọn ìgò ìṣẹ́kù tí mo kó pamọ́ nínú bàtà mi.

"Kí lèyí?"

"Ìṣẹ́kù lásán ni."

"Èyí tí mo buwọ́ lù pé a ti dà nù? Orúkọ mi lo fi ń jalè yẹn o!" Ó sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ bá ọ̀gá wa fúnra rẹ, kí wọ́n lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá di Mọ́ńdè tí o ò lọ, èmi á lọ."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ó ku abẹ́rẹ́ ibà kan nínú èyí tí dókítà kọ fún un. Èmi náà ló ní kí n bá òun gún un. Ìgò ibà wà lórí tábìlì. Àwọn tí mo kó pamọ́ wà lápò mi. Mo kẹ̀yìn sí i, mo sì fa ti inú àpò sínú abẹ́rẹ́.

"O ò ní fi ìgò hàn mí ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, bí ibà ṣe mú un tó yẹn. "Ẹnì kejì dà?"

"Èmi náà ni."

"Ó dáa. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́ ni?"

Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀.

Ní kóòtù, lọ́yà mi sọ pé àṣìṣe ni, pé oògùn ló da orí mi rú. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi nílé-ẹ̀kọ́, mi ò fẹ́ kí ìyá mi gbọ́. Mo mọ ìgò tí mo mú. Mo jókòó tì í, mo fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo ń kà, títí kò fi sí ohun tí mo lè kà mọ́. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò ké sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ dà nù, ẹ dà á nù, kí ẹlòmíràn sì rí i. Bí oògùn bá sì ti mú yín, ẹ wá ẹni tí ẹ máa sọ fún lónìí, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Ìtìjú ò pa ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, bíbò ó mọ́lẹ̀ ló pani. Múlíkà fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta kí n fi gba ara mi là. Ọjọ́ kan ṣì kù níbẹ̀ nígbà tí mo pa á.