Oògùn Ṣáájú Ìwàásù

Lọ́dún tí owó Yúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U6 ní Berlin, mo gbọ́ tí pásítọ̀ obìnrin kan àti ọmọ àbúrò rẹ̀, dókítà, ń jiyàn kíkankíkan lórí ìsìn ọjọ́ Àìkú.

“Tó o bá yẹ àwọn tó wá sí ìsìn wò fún ẹ̀jẹ̀ ríru kí n tó wàásù, wọ́n á sá lọ.”

“Àǹtí, bàbá ńlá wa ńkọ́? Dókítà abúlé ni wọ́n, oníwàásù sì ni wọ́n, kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pín, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ.”

“Àdúgbò Wedding ní Berlin la wà níbí, kì í ṣe abúlé. Tí gbogbo wọn bá lọ ńkọ́?”

“Wọ́n á ti gba ìtọ́jú, Àǹtí.”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. “Orí kunkun bàbá yẹn gan-an lo gbé wáyé.”